Àpò Tó Wà Láyà Mi àti Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìwé tí mo kọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Kíláàsì kejì ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti kúrò ní ilé ìwé, láti ìgbà náà, orúkọ oníbàárà lára àpò gàrí nìkan ni mo ń kọ. Tí ọ̀rọ̀ mi bá ń fò síwájú tàbí tó ń padà sẹ́yìn, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Yorùbá ilé ìwé ni mo gbìyànjú láti fi kọ ọ́, nítorí bí mo bá kọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, ẹni tí kì í ṣe ará Ọ̀wọ̀ lè má gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì kan tó tọ́jú mi ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí àwọn tí wọ́n bá sọ fún pé nǹkan kan wà láyà wọn, tí wọn kò sì mọ ẹni tí wọn yóò bi léèrè. Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo sì ti fà á ya lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Tọ́pẹ́ ni orúkọ mi. Ìjàgbà ni àwọn òbí mi ti ń dáko, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé ìwé, Ìpele, ìlú kan nítòsí Ọ̀wọ̀, ni mo ń gbé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Bùnmi. Gàrí ni wọ́n ń ṣe tà. Àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń bó ẹ̀gẹ́ láì gé ọwọ́, bí a ṣe ń fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, bí a ṣe ń yan án tí kò ní jóná. Ẹnu wọn mú. Tí mo bá pẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ kan, wọ́n á ní, "Ṣé ìyàwó lò ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni?" Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín sínú aṣọ mi. Gbogbo ohun tí mo jẹ, gbogbo ohun tí mo wọ̀, ọwọ́ wọn ni mo ti rí i gbà. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ.

Mi ò lè sọ ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Láti kékeré, tí mo bá sáré, èémí mi máa ń dún bí ìgbà tí ẹnì kan ń súfèé lókèèrè. Nígbà ọyẹ́, ikọ́ á mú mi, á sì lọ. Ọdún tí mo pé méjìlélógún ni kò lọ mọ́. Ikọ́ gbígbẹ ni, kò sí ohun tó ń bá a jáde. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́, nǹkan á fún mi láàárín àyà, á yọ sí mi léjìká lẹ́yìn. Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í há mi. Iyán á dúró lágbede méjì bí ẹni pé ó ń ro ọ̀nà tí yóò gbà. Tí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, mi ò ní lè mí dáadáa. Tí mo bá fi ọ̀tún sùn, màá máa ka èémí mi. Mò ń dìde, mò ń jókòó. Mi ò lè wà lójú kan pẹ́ láì dìde wò bóyá èémí ṣì ń wọlé.

Gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó ń ṣe mí àfi èmi. Ìyá Bùnmi ní èéfín ni, wọ́n ń fún mi ní orógbó àti oyin. Bàbá mi fi àdín ránṣẹ́ láti Ìjàgbà pé kí n máa fi pa àyà. Ìyá mi, tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje, wọ́n sì ní kí n bá wọn gbà á. Mo lá ti Ìyá Bùnmi, mo pa ti bàbá mi, mo gba ti ìyá mi. Kò sí èyí tí mo kọ̀, nítorí mi ò mọ bí a ṣe ń kọ nǹkan fún èèyàn. Ikọ́ náà kò gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, mo lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀wọ̀. Mo dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, síbẹ̀ èèyàn ti kún orí bẹ́ǹṣì. Bí ẹni iwájú bá dìde, gbogbo wa á sún ìdí díẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan gbọ́ ikọ́ mi, ó sì pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé kí ẹni tó ń wúkọ́ yẹn bọ́ síta, kó lọ jókòó lábẹ́ igi. Gbogbo ojú yí sí mi. Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kí n wọ̀ ọ́ lọ.

Wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n rí òjìji kan níbẹ̀. Wọ́n wá fún mi ní ike kékeré kan tó ní ìdérí. Nọ́ọ̀sì sọ pé ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí n tó fọ ẹnu, kí n wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà, kí n tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀, kí n sì gbé e wá. Ó ní itọ́ kọ́ o, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni. Mo ní ẹ ṣé, mà. Ó yẹ kí n sọ fún un pé kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nínú ikọ́ mi. Mi ò sọ ọ́, nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn mi ti ń pòṣé.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo wúkọ́ títí omi fi jáde lójú mi, ike náà gbẹ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, bákan náà. Mò ń rìn yí ẹ̀yìnkùlé ká pẹ̀lú ike lọ́wọ́. Ìyá Bùnmi jáde, wọ́n dúró wò mí.

"Kí lò ń wá nínú ike, ẹja?"

Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo ní ojú ń tì mí láti gbé ike òfìfo padà lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gba ike náà lọ́wọ́ mi. Àwọn náà ti ń wúkọ́ láti bí oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ta ni í ka ikọ́ nínú ilé gàrí? Wọ́n ha ọ̀fun, wọ́n tu ú sínú rẹ̀, wọ́n dé e.

"Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ní kí o mú wá," ni wọ́n wí. "Wọn ò béèrè orúkọ ọ̀fun tó ti jáde."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú ike náà nínú láílọ́ọ̀nù, inú mi sì dùn pé mo ní nǹkan láti fún nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ibí ni mo ti ṣìnà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí wọ yàrá kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì tó pariwo mọ́ mi lọ́jọ́sí wá rọ ohùn rẹ̀. Ó ní àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà fi hàn pé ikọ́ ife ni, pé kí n má bẹ̀rù, ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, oṣù mẹ́fà ni màá lò ó, yóò sì lọ. Ó ń sọ̀rọ̀, èmi ń wo ẹnu rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń yí lórí mi: èmi kọ́ ló ni ikọ́ ife náà. Ìyá Bùnmi ló ni ín.

Mo délé, mo bá wọn níwájú agbada. Mo ní wọ́n ní ikọ́ ife ni. Ọwọ́ wọn dúró. Gàrí ti ń jóná kí wọ́n tó tún máa ro ó. Wọn kò wo ojú mi.

"Orúkọ ta ni wọ́n kọ sí i?"

"Orúkọ mi ni, mà."

"Ó dáa. Lo oògùn rẹ."

Àwa méjèèjì mọ̀, oníkálukú wa sì mọ̀ pé ẹnì kejì mọ̀. Ta ni yóò ra gàrí lọ́wọ́ ẹni tó ní ikọ́ ife?

Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ gbé oògùn mì lójú nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa. Oògùn náà mú kí ìtọ̀ mi pọ́n bí omi ìsápá. Ìyá mi wá láti Ìjàgbà, wọ́n ya abọ́ àti ife mi sọ́tọ̀, wọ́n ń sunkún. Àwọn oníbàárà gbọ́, Ìyá Bùnmi sì ní kí n kúrò nílé gàrí kí ọjà má bàa bàjẹ́. Mo wá ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, èmi tí kò ní nǹkan kan tí mo lè kó ran ẹnikẹ́ni, mò ń gbọ́ Ìyá Bùnmi bí wọ́n ti ń wúkọ́ lórí agbada. Wọ́n ń rù. Wọ́n ń ró ìró méjì léra kí a má bàa rí i.

Mo rò ó láti fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, kí n gbé e bọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì máa ń ní kí n la ẹnu. Mo rò ó láti sọ òótọ́. Màá to ọ̀rọ̀ náà lójú ọ̀nà, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, màá bi í bóyá ó jí dáadáa. Màá gbé oògùn mì, màá padà. Ara mi kò balẹ̀ ní gbogbo oṣù mẹ́fà yẹn. Mò ń fọ abọ́ tó mọ́. Mò ń gbá ibi tí mo ti gbá.

Nígbà tí wọ́n tún béèrè kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lóṣù kejì àti lóṣù karùn-ún, mo sọ pé kò sí. Inú wọn dùn, wọ́n ní oògùn ń ṣiṣẹ́. Lóṣù kẹfà wọ́n kọ ọ́ sí káàdì mi pé mo ti parí. Ìyá mi ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìdúpẹ́ náà, ibà dá mi dùbúlẹ̀, àyà ń gún mi bí abẹ́rẹ́, omi pàápàá ń há mi lọ́fun.

Ìyá mi ló gbé mi lọ sí ọsibítù mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìlà káàdì wà, ìlà owó wà, ìlà fọ́tò wà, ìlà dókítà wà. Ìyá mi ń di àyè mú fún mi, èmi ń dìde, mò ń rìn, mò ń padà jókòó. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó wọlé. Dókítà náà kò dàgbà jù mí lọ púpọ̀. Ó gbé fọ́tò àyà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ lójú iná, ó sì pẹ́ tó ń wò wọ́n.

Ó ní òjìji náà kò kúrò, kò sì kéré sí i. Ó ní kò jọ ti ikọ́ ife, nítorí ó rí roboto, etí rẹ̀ sì dán bíi ti ẹyin. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti rí kòkòrò ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi, tí oògùn oṣù mẹ́fà kò sì rí nǹkan ṣe sí i, ẹ̀rù ń bà á pé èyí tí oògùn kì í tètè ràn ni. Ó ní wọ́n lè ní láti fi mí sí òmíràn tó le jù bẹ́ẹ̀, tó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, tó sì máa ń yọ ara lẹ́nu. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́.

Mo wo ìwé tó ń kọ. Mo rí i pé irọ́ mi ni wọ́n fẹ́ máa fún lóògùn. Tí mo bá dákẹ́, ohun tó wà láyà mi kò ní lọ, ikọ́ tó wà lára Ìyá Bùnmi yóò sì pa wọ́n. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ilé gàrí tó tọ́ mi dàgbà ti parí.

"Dókítà," mo ní, "kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn kì í ṣe tèmi."

Ohùn mi kéré débi pé ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ìyá mi dákẹ́ àdúrà.

"Ti ta ni?"

Mo dárúkọ Ìyá Bùnmi. Mo sọ bí ó ṣe rí, láti orí ike òfìfo títí dé orí káàdì. Mo rò pé dókítà yóò bú mi. Ó kàn fi bírò lélẹ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n ṣì ń wúkọ́, bóyá ọmọdé wà nínú ilé.

"Tọ́pẹ́," ó ní, "díẹ̀ ló kù kí o fi ìtìjú pa èèyàn méjì. Ó dára pé o sọ ọ́ lónìí."

Kí n tó padà dé Ìpele, àwọn elétò ìlera tí dókítà ránṣẹ́ sí ti dé ilé wa. Mo bá Ìyá Bùnmi lórí àpótí níwájú ilé. Wọn kò pariwo. Ìyẹn ló dùn mí jù, nítorí mo ti múra sílẹ̀ de ariwo.

"Mo tu ú fún ẹ kí ojú má bàa tì ẹ́," ni wọ́n wí. "Ìwọ wá gbé e lọ fi dójú tì mí."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti yan mí lódì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn. Àwọn elétò ìlera yẹ gbogbo obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ wò, Ọlọ́run ṣe é, kò ràn wọ́n. Ṣùgbọ́n agbada di títutù fún ìgbà díẹ̀, èmi sì kó ẹrù mi lọ sí Ìjàgbà.

Àkúrẹ́ ni wọ́n rán mi lọ láti ya irú fọ́tò tí wọ́n máa ń ti èèyàn wọ inú òrùka ńlá kan. Nígbà tí a gbé e padà wá, dókítà ya ọ̀nà èémí sórí ìwé bí igi tó ní ẹ̀ka méjì, ó wá ya nǹkan roboto sí ibi tí ẹ̀ka ti pín. Ó ní àpò ni, omi tó ki ló wà nínú rẹ̀. Ó ní nígbà tí mo ṣì wà nínú oyún, tí ọ̀nà èémí mi ń hù, díẹ̀ yà kúrò níbi tó yẹ kó wà, ó sì di àpò. Ó ti ń kún díẹ̀díẹ̀ látìgbà náà, ó ń tẹ ọ̀nà èémí, ó ń tẹ ọ̀nà oúnjẹ. Ó ní kò wọ́pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun ti rí irú rẹ̀ rí. Kì í ṣe èéfín, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, kò sì lè ran ẹlòmíràn. Oògùn kò lè yọ ọ́. Wọ́n ní láti la àyà.

Ìyá mi béèrè bóyá ohun tí àwọn jẹ nígbà oyún ló fà á. Dókítà ní rárá, mà. Wọ́n tún béèrè lẹ́ẹ̀mejì sí i kí wọ́n tó gbà.

Nílé, ọ̀rọ̀ di ìpàdé. Bàbá mi ní àwọn ti gbọ́ pé wọ́n ń la ikùn, àwọn kò tíì gbọ́ pé wọ́n la àyà èèyàn tó tún dìde. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí a tún gba ààwẹ̀. Ẹnì kan mú obìnrin kan wá tó ń fi ẹnu fa àìsàn jáde lára, ó ní kí oòrùn tó wọ̀, òun á ti fa àpò náà jáde. Mo ní rárá. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn. Mo ní irọ́ kan ti gba oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ mi, mi ò ní ọjọ́ kan láti fún òmíràn. Bàbá mi wò mí bí ẹni tó rí àlejò. Wọ́n dìde, wọ́n sì jáde lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mo gbọ́ pé wọ́n ti fi oko kòkó wọn yá owó.

Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sún un síwájú, lẹ́ẹ̀kan nítorí kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fà sí mi lára, lẹ́ẹ̀kan nítorí kò sí iná. Mi ò fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí rò pé mo gbóyà. Mò ń rìn láti ìbùsùn dé ojú fèrèsé, láti ojú fèrèsé dé ìbùsùn, títí màmá àgbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ní, "Ọmọ mi, o ti fẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀wọ̀ lórí ilẹ̀ yìí. Wá jókòó, kí ara ilẹ̀ sinmi."

Nígbà tí mo lajú, ìrora ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Rọ́bà kan gba ẹ̀gbẹ́ mi jáde sínú ìgò, omi ẹlẹ́jẹ̀ ń kán sínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n wúkọ́. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré. Ó gbé ìrọ̀rí lé mi láyà, ó ní kí n gbá a mọ́ra kí n wúkọ́, kí ẹ̀dọ̀fóró lè ṣí. Lẹ́yìn gbogbo ikọ́ tí mo ti wú láyé mi, ìyẹn ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ kẹrin, mo fa èémí kan tó wọlé débi tí èémí kò dé rí. Mo dúró. Mo tún fà á. Ìyá mi béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́kún.

Àpò náà tó ẹyin awó, wọ́n ní ohun tó wà nínú rẹ̀ ki bí ògì. Wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò, ọ̀sẹ̀ méjì ni a sì fi dúró kí a tó gbọ́ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gùn ju oṣù mẹ́fà lọ.

Ìwọ tí ò ń bẹ̀rù bí mo ṣe bẹ̀rù, tí wọ́n bá béèrè ohun tí o kò ní lọ́wọ́ rẹ, sọ pé o kò ní in. Ike òfìfo kò lè ṣe ẹ́ ní nǹkan kan. Tí o bá sì lo oògùn pé, tí ara kò sì yá, má jẹ́ kí káàdì tàbí ìdúpẹ́ sọ fún ẹ pé o ti san. Padà lọ, kí o sì sọ gbogbo rẹ̀, àní èyí tó ń tì ẹ́ lójú. Iṣẹ́ abẹ náà dunni, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n mo wà níhìn-ín, mò ń kọ ìwé.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Àpá náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ apá mi ọ̀tún, ó lọ sí ẹ̀yìn. Ó máa ń yún mi nígbà òtútù, ibì kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí kì í mọ̀ tí mo bá fọwọ́ kàn án. Mò ń jẹ iyán. Mò ń fi ẹ̀gbẹ́ tó wù mí sùn. Síbẹ̀ mo ṣì máa ń dìde wò bóyá èémí ń wọlé. Dókítà ní ìyẹn kì í ṣe ti àyà mọ́.

Ìyá Bùnmi parí oògùn tiwọn. Ìyá mi ló ń sọ fún mi pé wọ́n ti ń sanra, pé àyẹ̀wò wọn ti mọ́, pé àwọn oníbàárà kan ti ń padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti lọ kí wọn. Wọn kì í lé mi, wọ́n kàn máa ń wò mí bí ìgbà tí èèyàn ń wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ohun tí mo ṣe kò tọ́, síbẹ̀ ohun tó tọ́ náà kò jẹ́ kí n jókòó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà wo fọ́tò mi tuntun, ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó padà wá. Ó ní mo lè ṣe iṣẹ́ tó bá wù mí, kí n ṣáà jìnnà sí èéfín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láti Ìjàgbà, mo dé Ìpele kí wọ́n tó dáná. Gàrí àná wà nínú abọ́ ńlá, wọn kò tíì kù ú. Mo gbé àpótí jìnnà sí ibi iná, mo gbé asẹ́ lé itan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kù ú. Obìnrin méjì wọlé, wọ́n wò mí, wọ́n lọ máa bó ẹ̀gẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Bùnmi wọlé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n kọjá lára mi lọ dáná, wọ́n padà, wọ́n bu díẹ̀ nínú èyí tí mo ti kù, wọ́n fi ìka méjì ra á wò.

"Kò kúnná," ni wọ́n wí.

Mo dà á padà sínú asẹ́, mo sì tún kù ú.